Ohun Tó Wu Thøger Tí Ẹnu Rẹ̀ Kò Lè Sọ

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ìlú Havklit létí òkun ìwọ̀-oòrùn Denmark, Thøger Nørkjær, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ amọ̀, gbá yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá bu eruku díẹ̀ dà sílẹ̀, kí àlejò má baà rò pé nítorí òun ló ṣe gbálẹ̀.

Àlejò náà ni Fenja Lindhard láti Copenhagen. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà pọ̀ ní méjì-méjì, kí olùkọ́ ibì kan lè lọ jókòó sí kíláàsì ẹnì kejì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa wo ọwọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa tún ara wọn ṣe. Ní ọ́fíìsì wọn, orúkọ tí wọ́n fún ètò yìí gùn ju ètò náà fúnra rẹ̀ lọ. Ààyè kan ṣoṣo ló kù. Bí Havklit kò bá gbà á, Fenja yóò wakọ̀ lọ sí Ringby, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ lọ́sàn-án.

Thøger fẹ́ ààyè yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Láti ìgbà tí Gudrun tí wọ́n jọ ń kọ́ni ti fẹ̀yìn tì, kò sí àgbàlagbà kankan tó tún wo ọwọ́ rẹ̀ lórí amọ̀, ẹ̀rù sì ti ń bà á pé ọwọ́ náà ti ń ya ọ̀lẹ láìjẹ́ kí òun mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Havklit, ẹni tó bá sọ pé òun ń fẹ́ nǹkan ti sọ pé nǹkan náà tọ́ sí òun, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun ju aládùúgbò òun lọ. Wọn kì í dárí irú rẹ̀ jini.

Fenja wọlé. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó ti ń yin fèrèsé, tó ń yin pákó tí wọ́n to àwo sí, tó tún ń yin òórùn amọ̀ tútù. Ojú Thøger ń le sí i bí ìyìn náà ṣe ń pọ̀ sí i.

"Ibí yìí mà dára o, ọ̀gá Thøger. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Yàrá ni."

"Mo ní ó dára gan-an ni."

"Ó ní òrùlé."

Ó nawọ́ sí orí tábìlì, ó ní kọfí wà níbẹ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ń fẹ́ kọfí. Búrẹ́dì kékeré mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jí po ìyẹ̀fun wọn nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́.

"Búrẹ́dì àná ni," ni Thøger wí.

Fenja mú ọ̀kan, ó sì yára gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. "Ó ń jó mi lọ́wọ́, ọ̀gá."

"Àná máa ń pẹ́ kó tó tutù níbí."

Fenja rẹ́rìn-ín. Thøger kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan ẹ̀rín. Obìnrin náà dìde, ó mú àwo kan tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan mọ, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní iṣẹ́ ìyanu ni. Ó mú òmíràn, ó ní ìyẹn náà, iṣẹ́ ìyanu. Nígbà tó fi máa dé òpin pákó, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti di ìyanu, títí kan agolo tí wọ́n ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí.

Ọkàn Thøger rì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tí ìkòkò rẹ̀ wó lulẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún òun yìí.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yín wàyí," ni Fenja wí, ó jókòó. "Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù?"

"Mo máa ń tètè dé."

"Nídìí amọ̀ ni mò ń bi yín."

Thøger ronú sí i. "Àwọn ìkòkò mi kì í jò." Ó tún ronú, òtítọ́ sì borí. "Púpọ̀ nínú wọn."

"Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí ẹ kọ́ ló gba ipò kìíní ní gbogbo Denmark lọ́dún tó kọjá."

"Ó lè jẹ́ pé ara àwọn tó kù ò yá lọ́jọ́ yẹn."

Fenja gbé kọfí sẹ́nu kó lè rí nǹkan fi ẹnu ṣe. Ó bi í léèrè ohun tí àwọn òbí ń sọ nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Thøger ní wọn ò tíì fẹjọ́ sùn. Ó bi í bóyá ó ti ronú nípa bíbá olùkọ́ Copenhagen kan ṣe pọ̀. Thøger ní òun gbọ́ pé reluwé ń lọ síbẹ̀. Fenja, tó ti kọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi pé bí ènìyàn bá tutù kí á fi ìyìn mú un gbóná, tún yin kọfí, ó yin búrẹ́dì, ó sì yin bí Thøger ṣe ń dákẹ́. Bó ṣe yin ìdákẹ́ gan-an ló gún ọkùnrin náà lọ́kàn jù. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti yin ìdákẹ́ ènìyàn, kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n rí yìn lára rẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín tààrà, ọ̀gá. Ṣé ẹ máa lọ?"

Thøger di etí tábìlì mú. Ó mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ó kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó sì jù ú síta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mi ò ní sọ pé mi ò lọ."

Lọ́jọ́ tó gbé ìyàwó, ohun tó sọ níwájú pásítọ̀ kò tó ìyẹn. Ìtìjú mú etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Fenja rí etí tó pọ́n, ó kà á sí ìbínú.

"Ó yé mi, ọ̀gá. Ẹ má bínú. A kì í fipá mú olùkọ́."

"Ta ló fipá mú mi?"

"Rárá, mo mọ̀ pé ẹ jẹ́ onísùúrù, ẹ ò fẹ́ sọ ọ́ sójú mi. Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ dára jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti bẹ̀ wò."

Ìyìn mìíràn tún nìyẹn. Thøger pa ẹnu dé, nítorí ó dá a lójú pé obìnrin yìí ti ń sin òun lọ sí ibojì.

Fenja ti rí ohun tó fẹ́ rí nínú ìpẹnudé náà. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Àá wá fún Ringby ní ààyè náà nìyẹn."

"Ringby ò burú," ni Thøger wí.

Ó gé ètè rẹ̀ jẹ. Ó ti yin ọ̀tá.

Fenja ń de bọ́tìnnì. Ó ti dè é dé àyà. Thøger wò yíká yàrá náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tó ń wá ohun tí yóò kọ́kọ́ gbé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kọ́ọ̀bù kan jáde, aláwọ̀ òkun, èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láti ìgbà tí Gudrun ti lọ, ó sì nà án sí i.

"Èyí kàn wà nílẹ̀ ni. Bí o bá ní ibi tí o lè jù ú sí."

Fenja gbà á. Ó ti wakọ̀ láti kùtùkùtù, ìyìn inú rẹ̀ sì ti tán pátá. Kí ó tó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, òun náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ amọ̀, ìka rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Ó ki ìka bọ etí kọ́ọ̀bù náà, ó gbé e sókè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, kí n má purọ́ fún yín. Etí kọ́ọ̀bù yìí ò dáa. Ó ń há mi níka. Ẹ kánjú fà á nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ò tíì le tó. Ìdí rẹ̀ náà wúwo jù, bí ẹni pé ẹ gbàgbé láti ha á fẹ́lẹ́."

Ẹnu Fenja là sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti jáde tán kó tó rántí pé ẹ̀bùn ni kọ́ọ̀bù náà.

Thøger fa àga sí ẹ̀yìn obìnrin náà. "Jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, àárẹ̀ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ bú yín."

"Bú mi kẹ̀? Láti ìgbà tí o ti dé lo ti ń bú mi. Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun."

"Èmi? Mò ń yìn yín ni o."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ."

Ó wá jókòó níwájú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ti sọ̀rọ̀ láti ìgbà Kérésì. Ó ṣàlàyé pé bí ìkòkò ọmọ kan bá dára ní Havklit, wọn a ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ọmọ náà a sì sáré lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ìkòkò rẹ̀ bá wó ni wọ́n ń sọ fún pé ó ṣe iṣẹ́ ìyanu, kó má baà sunkún.

"O wọlé, o ní yàrá mi jẹ́ ìyanu. O ní àwo jẹ́ ìyanu. O dé orí agolo búrọ́ọ̀ṣì, ìyanu. Mo ní ó ti parí fún mi."

Fenja gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Mo béèrè iṣẹ́ yín, ẹ ní kì í jò. Mo béèrè Copenhagen, ẹ ní reluwé ń lọ. Mo ní ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ fẹ́ rí mi sójú."

"Mo ní mi ò ní sọ pé mi ò lọ."

"Ṣé 'bẹ́ẹ̀ ni' nìyẹn?"

"Kí ló tún kù tí ènìyàn lè sọ lẹ́yìn ìyẹn? Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ jáde."

Fenja tú bọ́tìnnì rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ti gbẹ, ó sì ti dà bí ojú olùkọ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun kò lè padà sí ọ́fíìsì lọ sọ pé Havklit kò ní sọ pé òun kò lọ. Wọn yóò ní kí òun padà wá béèrè ni.

"Nítorí náà, ẹ máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré bí àwa ṣe ń sọ ọ́. Ẹ sọ pé, mo fẹ́ ẹ."

Thøger dìde. Ó lọ fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó wo òkun láti ojú fèrèsé, bí ẹni pé òkun lè bá a sọ ọ́.

"Mo," ni ó wí. Ó wúkọ́. "Mo fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Ọmọ yìí, o le o."

"Mò ń dúró, ọ̀gá."

"Mo fẹ́ ẹ." Òógùn bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. "Díẹ̀."

Fenja ní díẹ̀ náà tó. Níbẹ̀ náà ló ti pe ọ́fíìsì lórí fóònù, ó ní Havklit ti gbà, kí wọ́n bá òun bẹ Ringby. Wọ́n bi í bóyá inú ọkùnrin náà dùn sí i. Ó bojú wo Thøger, tó ti gbé kọ́ọ̀bù náà lé orí itan, tó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí etí rẹ̀ ti há. Ó ní inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń ba òun.

Nígbà tó pa fóònù tán, Thøger bi í ta ni olùkọ́ tí yóò wá jókòó sí kíláàsì òun. Fenja ní òun ti kọ̀wé fi ọ́fíìsì sílẹ̀, òun ń padà sídìí amọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Copenhagen, nítorí ó ti sú òun láti máa sọ fún àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà tí ọwọ́ òun ń gbẹ.

"Bí ẹ bá lè gbà mí, ọ̀gá, èmi ni."

Thøger wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di etí àga mú. Ó gbé búrẹ́dì tó kù sún mọ́ ọn.

"Wọ́n lè rán ẹni tó burú jù ọ́ lọ sí mi."

"Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ọ̀gá," ni Fenja wí, ó bu búrẹ́dì jẹ. "Àwọn aládùúgbò á ní ẹ ti ń fẹ́ràn ènìyàn."