Bí Mo Ṣe Pe Uncle Adégòkè Lórúkọ Láàárín Pápá

Ọjọ́ mẹ́ta kan wà tí kò lè pa rẹ́ lọ́kàn mi títí tí n óò fi di arúgbó, n kò sì ní fi ohun tí a pàdánù nínú wọn pamọ́. A pàdánù ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí ikọ̀ àwọn àgbà Nàìjíríà tìtorí rẹ̀ wọ bàálù wá sí Atlanta. A pàdánù rẹ̀ débi pé àwọn tó nà wá gan-an ló ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú fún wa. Èyí tó sì dùn mí jù ni ìsáré kan, ẹyọ kan péré, tí ọkùnrin kan ì bá ní, tí ohùn èmi fúnra mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Stone Mountain kọ ọ́ pé “ìrìn àjò aláṣeyọrí” ni, àti pé ojú ọjọ́ nìkan ló dí wa lọ́wọ́. Ojú ọjọ́ wo? Oòrùn tó ràn lé wa lórí kọ́ ló ràn lé àwọn tó nà wá lórí bí? Ẹni tó bá kàwé kò gbọdọ̀ dákẹ́ kí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ di ìtàn. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Kí ẹni tí kò mọ eré yìí má baà sọnù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ènìyàn méjì láti inú ikọ̀ kan ni yóò dúró sí ìkángun méjèèjì ọ̀nà tóóró kan, igi mẹ́ta ni wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Alátakò yóò ju bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò fi pákó gbá a, wọn yóò sì sáré kọjá ara wọn láti gba ipò ara wọn. Ìyẹn là ń pè ní ìsáré kan. Ṣùgbọ́n bí alátakò bá fi bọ́ọ̀lù lu igi mẹ́ta náà nígbà tí ẹnì kan ṣì wà lójú ọ̀nà, ti ẹni yẹn ti tán. Kó gbé pákó rẹ̀, kó lọ jókòó. Nítorí náà, àwọn méjì tó ń sáré gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú, torí òun ló pa wá.

Àwọn àgbà tí mo ń wí ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà nígbà èwe wọn. Ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọ wa ló kọ̀wé pè wọ́n láti wá bá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ erékùṣù Karíbíánì kan ní Lawrenceville gbá a fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbá lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti ń ṣe é. Mẹ́rìnlá la pè. Àwọn tó kéré jù nínú wọn, tí eegun wọn ṣì le, kò rí físà gbà. Àwọn mẹ́fà tó dàgbà jù ló rí i, bóyá torí pé ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ nílé kò jọ ẹni tí yóò sá lọ. Ènìyàn mọ́kànlá ni ikọ̀ kan ń lò, nítorí náà a fi márùn-ún kún wọn láti inú ìjọ: apòògùn kan, olórí akọrin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń ta ilé, àti èmi.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé mo wà nínú ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ẹ̀kọ́ girama. Òtítọ́ sì ni. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé nọ́ńbà kọ́ sára pátákó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ti ń sáré. Mo ṣe é tọkàntọkàn, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí rí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé tí a ti fẹ́ to orúkọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú pákó. Apòògùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá yá jù ló yẹ kó ṣáájú. Bọ́ọ̀lù tuntun máa ń le bí òkúta, it's very fast.”

Alàgbà Fọlárìn, alága ìgbìmọ̀, yọ awò ojú rẹ̀. “Ṣé kí Bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin wá jókòó, kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn ìwọ?”

“Alàgbà, eré ni, sà.”

“Ibi eré náà ni wọ́n ti ń mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.”

Báyìí la fi ọjọ́ orí tò ó, láti orí àgbà pátápátá dé orí ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹran. Ta ló kọ ìpinnu náà sílẹ̀? Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé, “Ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà àwọn baba wa, ọjọ́ orí ni yóò máa tọ́ ẹsẹ̀ wa wọ pápá.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún gbólóhùn náà. Mo dìde, mo tẹrí ba, torí èmi ni akọ̀wé.

Bí ètò yẹn ṣe fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Uncle Adégòkè nìyẹn. Òun ló kéré jù nínú àwọn àgbà tó wá láti ilé, èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ti Atlanta. Òun ni ẹnì kẹfà, èmi ni ẹnì keje. Ilé wa ní Dacula ló sì dé sí. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ni, ọkùnrin tín-ín-rín tí kì í jókòó kó tó nu àga. Kóòtù aláwọ̀ ewé kan wà nínú àpótí rẹ̀, tí ó fi ọ̀rá bò. Ní àárọ̀ tó ṣáájú ìdíje, ó ní kí ìyàwó mi bá òun lọ̀ ọ́.

“Uncle, kóòtù yìí ti pẹ́ o,” ni ìyàwó mi wí.

“Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n yàn mí pé kí n bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ sókè òkun. Wọ́n wọn kóòtù fún wa. Kóòtù dé, ìrìn àjò ò dé.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo gbá a nílé títí mo fi fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ìsáré kan rí lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó, mi ò torí ọgọ́rùn-ún wá. Ẹyọ kan ni mo torí ẹ̀ wá.”

Láti ìgbà náà ni ẹyọ kan yẹn ti di ẹrù mi.

Ní ọjọ́ kìíní, àwọn alátakò wa ló kọ́kọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù kan fò lọ sókè, ó ń bọ̀ láàárín Bàbá, àgbà pátápátá ikọ̀ wa, àti olórí akọrin. Ẹni tó bá gbà á kó tó kanlẹ̀ ti lé ẹni tó gbá a jáde. Olórí akọrin na ọwọ́, ó rí Bàbá, ó sì fà sẹ́yìn. A kì í já nǹkan mọ́ àgbà lọ́wọ́. Bàbá náà rí i pé ọmọdé ti wà níbẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yẹra fún ara wa títí tí oòrùn fi yí, Uncle Adégòkè nínú kóòtù tó nípọn yẹn, tí òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun bọ́ ọ.

Nígbà tó kàn wá, bọ́ọ̀lù tuntun kó àwọn àgbà márùn-ún jáde kí n tó so bàtà mi tán. Mo wọlé. Uncle wà ní ìkángun kejì, wọn kò tíì ju bọ́ọ̀lù kankan sí i. Wọ́n jù ú sí mi, mo di ojú, mo gbá a. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Mo pariwo pé, “Ẹ máa bọ̀, sà!” Uncle ki eré mọ́lẹ̀. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà ni mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù náà mú nílẹ̀.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ó dà bíi pé kí ẹ kúkú—”

Igi mẹ́ta ti wó. Uncle gbé òdo rẹ̀, ó ń lọ. Ọ̀gá àwọn alátakò, ọmọ Guyana kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, sún mọ́ mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ mi, láìsí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, bóyá àdúrà ni mo ń gbà fún bàbá náà.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ẹ̀ka pàjáwìrì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá wa kọ àkọsílẹ̀ eré náà sínú ìwé, torí ó ní ní iṣẹ́ tàwọn, ohun tí wọn kò bá kọ sílẹ̀, wọn kò ṣe é. Bí a ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, tí Uncle ń tòògbé lẹ́yìn ọkọ̀, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀.

“Daddy Tèmi, tí patient bá ń kú lọ, ṣé ẹ rò pé mo máa ń kí dókítà kí n tó pè é?”

“Uncle kọ́ ni dókítà.”

“Emergency ni emergency. Ẹ gé e kúrú. Ọ̀rọ̀ kan péré.”

Mo rò ó ní gbogbo ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tún ń gbá wa bí ẹní ń lu aṣọ òfì. Mo fẹ́ bá Uncle sọ ọ́ ní kíṣìnnì ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo la ẹnu, mo ní, “Uncle, ẹ ẹ́ mu tíì sí i?” Ó ní rárá. Àǹfààní náà kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èmi àti rẹ̀ tún bára wa lórí pápá, a ti mọ̀ pé a ó fìdí rẹmi. Ẹyọ kan ló kù tí ayé mi ń dúró dè. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Uncle. Ó tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi pákó tì í lọ sápá òsì pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbàgbé nǹkan kan. A sáré kọjá ara wa. Mo dé ibi tí mo ń lọ. Mo wẹ̀yìn, Uncle ti yí padà, ó ti ń sáré bọ̀ fún èkejì bí ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Bọ́ọ̀lù náà sì ti wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin gíga kan.

Mo rántí ẹ̀kọ́ ìyàwó mi. Mo gé e kúrú.

“Adégòkè! Padà!”

Mo rí Bàbá lábẹ́ igi tí wọ́n gbé ife omi kúrò lẹ́nu. Uncle dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà. Ó fi pákó rẹ̀ há abíyá, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Rẹfirí na ìka sókè, àmì pé ti Uncle ti tán. Uncle kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí rẹfirí. “Wait, please. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ.”

Kí ni ẹni tí wọ́n bí ire yóò ṣe? Mo ju pákó sílẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun àti bàtà onírin. Àwọn alátakò rò pé ooru ló gbé mi ṣubú. Àwọn mẹ́ta sáré wá pẹ̀lú omi, ọ̀kan da yìnyín sí mi lọ́rùn, ọmọ Guyana yẹn sì ń pariwo pé kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì dìde, ó fojú wò mí lókèèrè, ó tún jókòó.

“Kò dákú,” ni ó wí. “Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.”

Àwọn tó kù jáde kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Uncle jókòó lábẹ́ igi, ó ti tún kóòtù rẹ̀ wọ̀. Ìyàwó mi gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. “Uncle, ẹ wò ó. Èkejì ni wọ́n fi mú yín. Ẹ ti parí àkọ́kọ́ kí Daddy Tèmi tó pè yín. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n pe rẹfirí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan wà, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Olùkọ́ ìṣirò wo nọ́ńbà náà pẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

“Méjì ni ì bá jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ká ní o sọ fún mi nílé pé o máa pariwo mọ́ mi, ǹ bá ní kó o pè mí ní orúkọ tó bá wù ẹ́. Ṣé mi ò mọ kíríkẹ́ẹ̀tì ni?”

Ẹ̀kọ́ mi nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mú lọ: ẹni tó mọ̀ pé òun yóò gbójú sókè sí àgbà, kó tètè gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí búrẹ́dì ṣì wà lórí tábìlì. Ohun tí n kò lè rọra sọ ní kíṣìnnì ni mo lọ fi igbe sọ ní ìta gbangba.

Uncle ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè wá lórí fóònù. Ó máa ń bi ìyàwó mi pé, “Ẹni tó pe orúkọ mi ní Amẹ́ríkà ńkọ́?” Ìyàwó mi á ní mo wà níbí. “Ó ti dìde nílẹ̀?” “Kò tíì dìde, sà.” Wọ́n á wá jọ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ní kí a má béèrè ọ̀rọ̀. Mo ń béèrè, lójú gbogbo ìjọ, pé kí Alàgbà Fọlárìn jáde wá sọ ìdí tí ó fi fi arúgbó síwájú bọ́ọ̀lù tuntun. Kí ẹni tó kọ “aláṣeyọrí” sínú ìwé ìròyìn wá fi àṣeyọrí náà hàn wá, yàtọ̀ sí ẹyọ kan tí ń bẹ nínú ìwé ìyàwó mi. Kí akọ̀wé tó fi èdè dídùn ṣe òfin ọjọ́ orí lọ́ṣọ̀ọ́ náà wá dáhùn. Ti akọ̀wé rọrùn: òun ló kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, ó sì ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn méjì tó kù ni a ń dúró dè.