Orúkọ Mi Lábẹ́ Àwo Iṣu

Ọjọ́rú kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìbí ara mi. Àsìkò iṣu tuntun ni, nínú oko kan lọ́nà Ogbooro, nígbà tí mo ṣì gbà pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń yìn.

Àwa méjì la kù ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ṣakí lẹ́yìn tí ọ̀gá wa fẹ̀yìn tì: èmi àti Ìyá Sùlè. Ipò wa dọ́gba lórí ìwé. Ṣùgbọ́n Ìyá Sùlè fi ogún ọdún jù mí lọ, wọ́n sì kọ́ mi nílé pé a kì í wo àgbà lójú, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí àlejò bá ti ń bọ̀, á ní, "Ọmọ mi, dìde fún mi, lọ bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé yìí." Kí n tó dé, ó ti ka ìròyìn tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ fún wọn, wọ́n sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi rí. Àdúrà ló máa ń gbà fún mi: "Ọlọ́run á fún ẹ lọ́mọ tí á máa gbọ́ tìẹ." Èmi tí mi ò tíì bímọ, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Mo máa ń ṣe àmín kíkankíkan ni.

Ni wọ́n bá ní ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Yóò wá wo oko àfihàn wa lọ́nà Ogbooro, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹni tó bá sì dá oko náà ni wọn yóò fi ṣe olórí ọ́fíìsì. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé. Èmi kúkú ni. Èmi ni mo gé èbù, èmi ni mo dúró ti àwọn alágbàṣe títí wọ́n fi kọ ebè tán, láti òjò àkọ́rọ̀ ni mo sì ti ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Sùlè débẹ̀, ó ní oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí àríyànjiyàn má baà sí, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sára pátákó, mo sì rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà oko. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọ bùbá funfun tí mo lọ̀ títí. Kí n tó dé oko, Ìyá Sùlè ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ mi, omi ò sí o. Kí làwọn àlejò fẹ́ mu?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lé ọ̀kadà, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ò dé dáadáa. Nígbà tí mo fi padà, ìdajì omi ti wà lára mi. Mi ò tíì mí dáadáa tí Ìyá Sùlè fi ní iná tí a fi ń sun iṣu àlejò fẹ́ kú. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ iná, eérú bò mí lójú, ó sì lẹ̀ mọ́ bùbá tútù. Wọ́n ní ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para lọ jókòó sídìí ààrò. Èmi ni mo tún ń fẹ́ iná ààrò náà.

Bí a ṣe gbúròó mọ́tò lókèèrè, Ìyá Sùlè wò yíká. "Kò mà sí tábìlì. Ṣé ilẹ̀ la máa gbé iṣu sí fún ọ̀gá ni? Fa pátákó yẹn wá, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́mọ…"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń sọ ọ́ fún ara mi. Mo ṣe àmín, mo fi ọwọ́ ara mi fa pátákó tu, mo gbé e lé orí òkúta méjì. Kí epo pupa má baà ta sí orúkọ mi, mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Mo tiẹ̀ tún fi etí ìró mi nu ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀gá dé, ó rìn láàárín ebè, ó ń kan sáárá. Mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti rán mi lọ bu omi ìṣanwọ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń jẹ iṣu, ọ̀gá sì ń béèrè ta ló ṣe irú iṣẹ́ báyìí.

"Ọlọ́run ni, sà," Ìyá Sùlè dáhùn. "Àwa kàn ń gbìyànjú ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ọmọbìnrin tó gbé omi wá yìí ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni."

Kò kúkú parọ́, bó ṣe ń pè mí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo dá oko yìí. Orúkọ mi wà lára pátákó."

"Pátákó wo?"

Dípò kí n ṣàlàyé, mo di pátákó mú, mo yí i padà. Iṣu fọ́n sínú koríko. Epo pupa dà sí ṣòkòtò ọ̀gá, funfun báláú sì ni ṣòkòtò náà. Orúkọ mi jáde gàdàgbà lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á. Itan ọ̀gá ni gbogbo wọn ń wò.

"Ìyá," ọ̀gá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi bá ọmọ yín wí."

"Ẹ foríjì í, sà, ọmọdé ló ń ṣe é." Ìyá Sùlè yíjú sí mi. "Ọmọ mi, sáré bu omi wá fún ọ̀gá."

Mo sì sáré lọ.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti sunkún, tí mo ń fi ọwọ́ kan fa omi, tí mo ń fi èkejì nu ojú. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà fi dé, wọ́n ti fi Ìyá Sùlè ṣe olórí.

Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán mi lọ́jọ́ yẹn, tẹrú náà ni mo sì fi jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò burú kéèyàn bu omi fún àgbà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ kó tó dìde. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Láàárọ̀ òní, àlejò méjì wọlé, olórí wa ní kí n dìde fún òun, kí n lọ bu omi wá. Mo kí àwọn àlejò, mo sọ orúkọ mi àti iṣẹ́ mi fún wọn, ó yé wọn yékéyéké, kí n tó jáde.

Nígbà tí mo gbé omi dé, ọ̀kan nínú wọn na ife sí mi. "Ọmọ Ìyá Sùlè," ó ní, "ṣé omi yìí tutù?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní ó tutù, sà.