Sítíkà Ojúlówó

Bí ẹ bá wọ Ìdúmàgbò láàárọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, tó fi ìbọ̀wọ́ funfun sọ́wọ́, tó sì so awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń lò mọ́ iwájú orí, ẹ má sá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló fẹ́ gún yín. Dámiláre ni. Láptọ́ọ̀pù ló ń tà.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ẹ pè é ní oníláptọ́ọ̀pù o. Ó ní oníláptọ́ọ̀pù pọ̀ ní Ìdúmàgbò bí eṣinṣin. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Àyẹ̀wò Ojú Ẹ̀rọ. Fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè náà, fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà sí i, fúnra rẹ̀ ló sì ṣe àmín. Ó tẹ oyè ọ̀hún sára káàdì, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kóòtù, ó tẹ̀ ẹ́ sára ike omi tó ń fún àwọn oníbàárà mu.

Ojúlówó ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn aláwàdà àdúgbò kì í pè é pa pọ̀. Wọ́n á dánu dúró láàárín: "Ojú... ló wó." Dámiláre á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Ohun tó sọ ọ́ di ènìyàn ńlá ni sítíkà kan báyìí, róbótó, aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n ya ẹyinjú gbàǹgbà sí láàárín. Wọ́n kọ ọ́ yí i ká pé: A TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń jáde ní Ojúlówó tí sítíkà yìí kì í sí lára rẹ̀. Dámiláre ní ìdánwò márùn-ún lòun máa ń ṣe fún ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: òun á wò ó nínú òòrùn, òun á wò ó nínú òkùnkùn, òun á wò ó nígbà tó bá funfun, nígbà tó bá dúdú, nígbà tó bá pupa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìdánwò kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ sítíkà náà wò bóyá ó lẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹrù rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀rọ olówó gegere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe wọ́n lókè òkun ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì ti kọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ní àmì dúdú kékeré tí kì í tàn láé. Ọ̀kan ń jo ìmọ́lẹ̀ létí bí páànù tó lu. Òmíràn pọ́n lápá kan bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Irú wọn ni Afi-sítíkà-bo-àléébù ń lọ ṣà wálé ní ọ̀pọ̀, tó ń tà wọ́n lọ́wọ̀n ju ti gbogbo àdúgbò lọ, nítorí pé òun ti "yẹ̀ wọ́n wò."

Kò sì sí àbùkù tí kò ní àlàyé. Àmì dúdú ńkọ́? "Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ayédèrú kì í ní i." Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ létí ńkọ́? "Ìyẹn wúlò nígbà tí iná bá lọ. Ẹ ó fi máa ríran." Ojú tó pọ́n ńkọ́? "Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sí i. Ó dáa fún ọpọlọ."

Ibẹ̀ ni Qaanitah lọ ra láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ọmọ agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, akọ̀wé sì ni lọ́dọ̀ Lọ́yà Adéọlá ní Igbosere. Òun ló ń tẹ gbogbo ìwé tí lọ́yà ń gbé lọ sí kóòtù. Ó fi odidi ọdún kan dá àjọ kó tó ra ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ tó gbé e dé ọ̀fíìsì, ó kọ́kọ́ fi gèlè tuntun nù ún.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ìlà kan lójú rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé, tín-ín-rín bí òwú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rò pé irun ni. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó nù ún. Ìlà ò mira. Qaanitah ní kò burú, òun á máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí lọ́yà ní kó tẹ ìwé ìkìlọ̀ kan fún ayálégbé tó kọ̀ tí kò jáde ní ojúlé kẹta. Inú ìwé tó wà lójú ẹ̀rọ ni Qaanitah ti ń wo àdírẹ́sì. Ìlà àwọ̀ ewé yìí lọ dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ òsì nọ́ńbà 3, ó bá a pa ẹnu dé, nọ́ńbà 3 di 8. Qaanitah tẹ 8. Bélífù kóòtù gba ìwé, ó rìn tayọ̀tayọ̀, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ojúlé kẹjọ.

Àlhájà Memunat ló ni ojúlé kẹjọ. Ilé bàbá rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì tí ì yá ilé gbé rí láyé. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, Àlhájà ti dé Igbosere, òun àti ọmọ mẹ́rin pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

"Lọ́yà dà? Kó wá fi ibi tí mo máa kó ẹrù mi lọ hàn mí!"

Lọ́yà Adéọlá, tí kì í gbọ̀n níwájú adájọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣúùtù àti táì. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbọn eruku àyà, ó sì kọjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Qaanitah, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ilé yín ni wàá ti máa tẹ̀wé."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Qaanitah gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìdúmàgbò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà kan níbí."

Dámiláre fa awò orí rẹ̀ wá sójú. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ń kùn bíi firíìjì. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Ìlà aláwọ̀ ewé. Òun nìyí láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Mọ̀dáàmù, ṣé ẹ rí sítíkà yìí?"

"Mo rí i."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹn-ẹ́n! Ojú ẹ̀rọ, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ti yẹ ojú tiyín wò?"

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú awò ojú aláwọ̀ ọsàn kan jáde. Ó ní Awò Ojúlówó ni, pé àwọn tí ojú wọn bá ti ń rí ohun tí kò sí lòun ń tà á fún. Bí Qaanitah ṣe fi sójú, ìlà náà ṣá lóòótọ́. Ìdajì lẹ́tà tó wà lójú ẹ̀rọ sì ṣá tẹ̀ lé e. Ó rà á. Ẹ̀rù ló rà á, kì í ṣe Qaanitah, nítorí ìyá ìyá rẹ̀ ti fọ́jú kó tó kú, kékeré ló sì ti ń bẹ̀rù pé ó lè kan òun náà.

Ó wọ awò náà dé ọ̀fíìsì lọ́jọ́ kejì. Lọ́yà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ wẹ́dà lo tún fẹ́ fi kún un ni?"

Nígbà tí àníyàn pọ̀ jù, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní kó ka lẹ́tà ara páálí tó wà lára ògiri. Qaanitah ka ńlá, ó ka kékeré, ó ka orúkọ àwọn tó tẹ páálí náà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Arábìnrin," ni dókítà wí, "ojú yín dáa ju tèmi lọ. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Qaanitah gbé láptọ́ọ̀pù jáde nínú báàgì, ó ṣí i. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?"

"Mo rí ìlà aláwọ̀ ewé kan."

Qaanitah bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kó tó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn tán, ọpẹ́ ti di ìbínú.

Ó gba Ìdúmàgbò lọ, ó yà sọ́dọ̀ Ikrimah, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ta àga àti tábìlì ọ̀fíìsì lódìkejì ṣọ́ọ̀bù Dámiláre. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èyí tó burú jù. Dámiláre ti bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Ní Sátidé, alága ẹgbẹ́, Àlhájì Mùsílíù, yóò buwọ́ lu ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta láptọ́ọ̀pù tàbí táblẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò náà mọ́ àfi tó bá ra sítíkà Dámiláre lé e.

"Gbogbo wa la máa máa sanwó ojú rẹ̀," ni Ikrimah wí.

Qaanitah ti yíjú sápá kan. Láptọ́ọ̀pù kan tó dúró lórí tábìlì ńlá níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń wò, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, òdòdó pupa sì kún ojú rẹ̀. "Bọ̀dá mi, láti ìgbà wo lẹ ti ń lo irú èyí?"

Ikrimah rẹ́rìn-ín. "Ike ni. A kàn fi ń ṣe tábìlì lóge ni. Bébà ló wà lójú rẹ̀."

"Ẹ yá mi ní Sátidé."

Ní Sátidé, wọ́n to àga síwájú Ojúlówó, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè kalẹ̀. Àwọn ọlọ́jà jókòó pẹ̀lú ojú kíkorò. Àwọn oníbàárà Dámiláre náà wá, ó pọ̀ nínú wọn tó wọ awò aláwọ̀ ọsàn. Dámiláre ti fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù rẹ̀ títí ó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

"Kí n tó dé," ló bú jáde, "afọ́jú ni gbogbo Ìdúmàgbò!"

Àlhájì Mùsílíù, tó ti ń ṣòwò ní Ìdúmàgbò kí wọ́n tó bí Dámiláre, wúkọ́ díẹ̀. Ó ti ṣí bírò lọ́wọ́. Ó ní, "Ó dáa. Kí n tó buwọ́ lù ú, ṣé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀?"

Qaanitah dìde, awò aláwọ̀ ọsàn lójú, ẹ̀rọ Ikrimah lọ́wọ́. "Ẹ̀rọ kan nìyí tí mi ò rà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò níwájú gbogbo ayé."

Inú Dámiláre dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó fa awò sójú, ó gbé ẹnu sún mọ́ agbóhùnsókè.

"Ẹ wo àwọ̀! Ẹ wo òdòdó yìí, bí ẹni pé kéèyàn já a! Kò sí àmì dúdú kankan. Ìmọ́lẹ̀ ò jò níbì kankan. Ó mọ́ láti etí dé etí. Ojú tó péye nìyí!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Àlhájì bi í.

"Àlhájì, ojú niṣẹ́ mi."

Ó bó sítíkà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣé gan-an," ni Qaanitah wí. "Ẹ bá mi ṣí ojú ewé mìíràn, kí wọ́n lè rí i dáadáa."

Dámiláre fọwọ́ kàn án. Òdòdó ò lọ. Ó tún un kàn. "Ó ń ronú," ló wí. "Ẹ̀rọ ńlá máa ń ronú." Ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀dà ni wọ́n fi ya bọ́tìnnì. "Kò ní ṣájì mọ́ ni. Ta ló ní ṣájà?" Ẹnì kan na ṣájà sí i. Ó wá ihò lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì, ó dojú ẹ̀rọ délẹ̀ ó wá a lábẹ́. Òógùn ti ń kán sórí ìbọ̀wọ́ funfun.

"Ọ̀gá Dámiláre, ẹ rọra o!" ni Ikrimah pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀ṣọ́ tábìlì mi ni, ẹ má fọ́ ọ!"

Qaanitah fi èékánná họ igun ojú ẹ̀rọ náà, ó sì fa bébà olódòdó jáde wẹ́rẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ ju ike dúdú lọ. Àwọn tó wà níwájú na ọrùn wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, tí àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sá wá sójú fèrèsé.

Qaanitah ò tíì parí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ síwájú alága. "Àlhájì, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?"

"Ìlà," ni Àlhájì wí.

Ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. "Ìlà." Òmíràn: "Ìlà gbọọrọ." Obìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó bọ́ awò aláwọ̀ ọsàn tirẹ̀. "Wọ́n ní ojú mi ló ń rí àmì dúdú!" Ọkùnrin kan bọ́ tirẹ̀. "Èmi, wọ́n ní kí n dín epo jíjẹ kù!" Ní kíá, awò ti di òkìtì lórí tábìlì, àwọn tó ni wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ gbọ́ mi o!" ni Dámiláre ń sọ sínú agbóhùnsókè. "Ẹ̀yin ni mò ń dán wò! Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó mọ̀ ni!"

Ẹnì kan yọ wáyà agbóhùnsókè. Ẹnu Dámiláre ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

Àlhájì Mùsílíù fi ọmọrí dé bírò rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn Ojúlówó títí gbogbo àwọn tó ra ẹ̀rọ alábùkù yóò fi gba èyí tó dáa, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Qaanitah. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó jókòó ti ìwé ìpàdé.

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni kí n kọ, Àlhájì?"

"Kọ ọ́ pé àwọn méjì ló jókòó ṣe ìdánwò lónìí, Dámiláre àti bébà. Bébà yege."