Bàbá Akínyẹlé Gba Ogójì

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní pálọ̀ Bàbá Akínyẹlé ní Ìnísà. Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá yìí fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí dòní, tí ẹ ò bá kí i dáadáa, á ní kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tún un kí. Lọ́la ni wọ́n máa sọ ọmọ Fúnmiláyọ̀, ọmọbìnrin bàbá, lórúkọ ní Kánádà, orí fídíò ni bàbá ti máa gbàdúrà, tí á sì fún ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Fúnmiláyọ̀ ti kìlọ̀: bí àwòrán bàbá bá tún máa gan bó ṣe gan lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, tí gbogbo èèyàn ń wo ẹnu tó là sílẹ̀, ohùn nìkan ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bàbá ọkọ òun ní Òkukù ni wọ́n á máa wò. Àádọ́rin máàkì ni ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà nínú ìdánwò àwòrán kí ojú rẹ̀ tó wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Bólúwají tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkìrun fi gun ọ̀kadà wá. Bàbá ti sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń dúró de èsì.

"Èló ni mo gbà?"

"Ogójì, sà."

"Nínú èló?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún, sà."

Bàbá yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, mi ò gba ogójì rí. Ta ló máàkì í?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán tó kúrò níbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní Kánádà. Ó ń wo ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà."

"Bí ìgbà tí mo bá kọ iṣẹ́ sójú pátákó, tí ọmọ wá ń dà á kọ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

"Ó dáa. Èmi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lo fún ní ogójì? Ta ló dà á kọ?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà."

"Fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ogójì rẹ̀."

Bólúwají yí ọ̀rọ̀ sọ́nà mìíràn. Ó ṣàlàyé pé ètò náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan tó ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn tó kọ ọ́ tú gbogbo rẹ̀ síta, ẹnikẹ́ni ló lè wo bó ṣe ń máàkì.

"Ìlànà máàkì wà níta gbangba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń rí i?"

"Wọ́n ń rí i, sà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá lè tún un kọ."

"Nígbà ayé tèmi, mo ní kí wọ́n gbé tíṣà kan lọ sí Ìbà nítorí irú ìwà yìí." Bàbá mi orí. Lẹ́yìn náà ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O ní èèyàn lè tún un kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi ọgbọ̀n kún un."

"Sà?"

"Ogójì àti ọgbọ̀n, àádọ́rin. Mo ṣáà kọ́ ẹ ní ìṣirò."

"Mo lè jẹ́ kó kọ ọgọ́rùn-ún, sà. Ṣùgbọ́n ojú yín á ṣì gan lọ́hùn-ún. Ọmọ yẹn ò ní rí máàkì, ojú yín ló máa wò."

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá. Ó jókòó, ó ní òun ò tíì rí ọmọ náà sójú, fọ́tò lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

"Ará Òkukù yẹn ń kọ́?" ó béèrè. "Èló ló gbà?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin, sà."

"Kí ló ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, sà. Wọ́n jókòó."

"Wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì torí pé ó jókòó?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò lágbára, sà. Téèyàn bá dúró jẹ́ẹ́, ẹrù tó máa gbé á fúyẹ́. Ẹ̀yin ń dìde, ẹ ń ju ọwọ́, ẹ ń nàka sí òrùlé. Gbogbo bí ẹ ṣe ń mira lẹrù ń wúwo sí i."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàdúrà láì gbọ́wọ́ sókè? Ọlọ́run á rò pé mò ń tòògbé."

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú ò lè rí nítorí ọmọ. Bàbá jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìdánwò kejì, márùndínlọ́gọ́ta. Orí ló ń mì. Nígbà kẹta ó fi orí ti ògiri, kò sì ṣẹ́jú. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ní kí Bólúwají tún un kà sétí òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ọ̀sán Sátidé. Bàbá gbàdúrà bí ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀, ètè nìkan ló ń mì. Wọ́n ń ṣe àmín ní Kánádà, máàkì tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà ò kúrò lórí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Bólúwají ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá kan orúkọ. Fúnmiláyọ̀ gbé ọmọ sún mọ́ kámẹ́rà. Ọmọ lanu, ó yán, ó la ojú méjèèjì, ó ń wo bàbá.

Ni bàbá bá fò dìde.

"Wúrà!" ó ní. "Wúrà mi rèé!" Ó na ọwọ́ sókè, ó ń jó yí àga ká, agbádá ń gbá kámẹ́rà lójú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ti bọ́ sí ọgbọ̀n." Bólúwají di etí agbádá mú. "Ó ti di mọ́kànlá, sà. Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ní fìlà nìkan làwọn ń rí."

Bàbá ò dáwọ́ ijó dúró.

"Kọ òdo síbẹ̀, Bólúwají. Kí ará Òkukù máa gba máàkì lọ. Èmi ti rí ọmọ mi."