Ohun Tí Látúndé Rí Nígbà Tó Wẹ̀yìn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn? Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọgbọ́n ni, pé àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣòkòtò ló fà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó rán ṣòkòtò yẹn, ẹ ní kó wá bá mi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Látúndé, bàbá Fẹ́yì. Sọ́mìlì tó ti ń bá wọn la pákó kógbá wọlé, ó sì jókòó sílé títí tó fi mọ gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí bá a ṣe é, ó rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí fún aráyé láti wá wò. Màdámù Abíọ́nà tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún un pé, "Ẹ máa dán an wò ná, Bàbá Fẹ́yì. Bí ọjọ́ ẹbí bá kọjá tí nǹkan kan ò fọ́, iṣẹ́ di tiyín."

Ọjọ́ ẹbí yẹn kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Bàbá, ìyá, ìyá àgbà àti ọmọ wẹ́wẹ́ á ya wọlé bí omi. Ọdún tó ṣáájú, ọmọ kan gun ère kan bí ẹṣin, etí ère já, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi pákò, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n sì gbé fún Látúndé, ẹni tí ikùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé sọ́mìlì ti kógbá wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ṣíjúwọlá ìyàwó rẹ̀ ló bá a fi ipá fa ṣòkòtò náà gòkè.

"Ẹ mí sínú, Bàbá Fẹ́yì. Ẹ tún mí sínú." Ó de bọ́tìnnì, òun náà wá mí kanlẹ̀. "Ẹ lè dúró, ẹ sì lè rìn. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o!"

Ó mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló rán pátá tó wà lábẹ́ ṣòkòtò náà láti ara àjákù ankárá tó ní àwòrán àkùkọ pupa.

Ẹ wá wo wàhálà. Inú ilé tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí àgbà ni wọ́n ti tọ́ Látúndé. Àgbà ló sì ń wọlé lọ́jọ́ náà lọ́tùn-ún lósì. Kò lè tẹ ẹ̀yìn, orí nìkan ló ń mì bí alángbá. "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ kú àbọ̀, mà."

Ìyá arúgbó kan pòṣé sí i. "Ọmọ ta nìyí? Àbí wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ó dun Látúndé dé egungun. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò, ó sì dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí wọ́n ní ayaba àkọ́kọ́ ìlú náà fi ń tọ́jú omi mímu. Orí àpótí gíga ni ìkòkò náà wà, wọ́n sì ta okùn pupa yí i ká.

Ibẹ̀ ló dúró sí tí àwọn àna rẹ̀ fi wọlé. Bàbá Ṣíjúwọlá ló ṣáájú, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àna kì í ṣe ẹni tí à ń kí lóòró.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ni Látúndé wí, òógùn ti ń bò ó.

Bàbá wo ilẹ̀ iwájú rẹ̀, níbi tó yẹ kí àyà ọkọ ọmọ rẹ̀ wà. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. "Látúndé, ṣé iṣẹ́ ti sọ ọ́ di òpó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ní ohun tó fà á. Mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé nílé."

"Àlàyé! Ṣé àlàyé ni wọ́n fi ń kí àna báyìí?"

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kékeré kan, Mofẹ́, sáré wọlé. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má mú oúnjẹ wọlé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wo ló gba irú òfin bẹ́ẹ̀? Gúgúrú àti ẹ̀pà tí ìyá àgbà rẹ̀ rà fún un kún inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọ. Okùn pupa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì! Ọ̀rá bẹ́, ẹ̀pà sì yí lọ sí iwájú, títí dé abẹ́ àpótí ìkòkò. Gbogbo ènìyàn rò pé ọmọ á ké. Rárá o. Ó gbé orí sókè, ó wo iwájú, ó rí ẹ̀pà rẹ̀, ó sì ń rákò lọ bá a. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó di ẹsẹ̀ àpótí mú, ó fà á.

Ìkòkò fì gẹ̀gẹ̀.

"Ìkòkò o!" Màdámù Abíọ́nà ké láti ẹnu ọ̀nà.

Látúndé gbàgbé ìkìlọ̀ ìyàwó. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀pà, ẹ̀pà sì gbé e. Ó fò lọ, ó fi àyà balẹ̀ gbàràgàdà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ìkòkò sì já bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn rẹ̀: fàààà!

Látúndé kò wo ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ọ̀gá rẹ̀. Ó yí ọrùn padà, ó wo ẹ̀yìn. Àkùkọ pupa ń wò ó. Gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà nínú ilé sì ń wo àkùkọ.

Iwájú gan-an ni bàbá àna rẹ̀ dúró sí, kò rí ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. "Ẹn-hẹ́n! Ìdọ̀bálẹ̀ rèé! Ó tún gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́! Ọmọ mi, wàá ṣe é ire. Dìde."

"Mi ò lè dìde, sà."

"Kí ló dé?"

Ìyá Ṣíjúwọlá ti yí lọ sẹ́yìn láti wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá tú ìborùn olódòdó rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ nídìí.

Màdámù gba ìkòkò, ó fi ìka kàn án kókó, ó dún geere. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Kò fọ́! Bàbá Fẹ́yì, iṣẹ́ ti di tiyín. Lọ́la ni télọ̀ ń bọ̀ wá wọ̀n yín."

"Kó wọ̀n mí dáadáa o, mà," ni Látúndé wí, omijé ayọ̀ sì lé ròrò sí i lójú.

Inú ìborùn náà ló ti ṣọ́ ilé títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Ọmọ kan bi í bóyá aṣọ ayé àtijọ́ nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ohun tó tún lè ya mọ́, gbogbo àgbà tó wọlé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ìyá arúgbó tó pòṣé gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì súre fún un.

Bí bàbá àna rẹ̀ ti ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Mofẹ́ tó ṣì ń jẹ ẹ̀pà. "Èyí ṣubú, ó wo iwájú, torí iwájú ni ẹ̀pà rẹ̀ wà. Ọkọ ọmọ mi ṣubú..." Ẹ̀rín kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Èmi ni mo wá bá a parí rẹ̀ fún yín. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó yáa wo ẹ̀yìn.