Ẹyin Òpìpì àti Wákàtí Tí Kò Níṣẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilé wa ní Ìrágbìjí fi ń pa á lówe pé, “Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má wáṣẹ́ fún un”? Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́.

Adìẹ òpìpì Màmá Àyọ̀ká ló kú, tó fi ẹyin méjìlá sílẹ̀. Láti ayé ìyá Màmá ni ìran òpìpì yẹn ti wà nílé. Bí ẹyin wọ̀nyí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Moróhunkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń fi èdè Rust kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Màá ṣe ẹ̀rọ tí yóò sàba lé wọn.”

Ó kọ ọ́ pé lójoojúmọ́, láti wákàtí kìíní títí dé ìkẹrìnlélógún, kí ẹ̀rọ máa yí ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé “wákàtí”, orúkọ tó fi ń ka iye wákàtí, kò rí nǹkan kan ṣe. Ohun tó yẹ kí Moróhunkẹ́ ṣe kò ju kó fa ìlà kékeré kan síwájú orúkọ náà lọ; ìlà yẹn ni àwọn oníRust fi ń sọ pé, “Mo rí i, ẹ jẹ́ kó jókòó.”

Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ Moróhunkẹ́, àlejò pàápàá a máa bá wọn ṣa ẹ̀wà.

“Ìwọ wákàtí,” ló wí, “o ò ní jókòó lásán lójú mi.”

Ló bá ní kí ẹ̀rọ máa yí ẹyin ní iye tí wákàtí bá jẹ́. Ìkìlọ̀ lọ, inú rẹ̀ dùn. Ní wákàtí kìíní, ẹyin yí lẹ́ẹ̀kan. Ní ìkẹwàá, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó fi di ìkẹrìnlélógún, ẹ̀rọ ti ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta.

“Ìyàwó, ṣé ata lò ń lọ̀ ni?”

“Rárá, Màmá. Ó ń ṣiṣẹ́ ni.”

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, gbogbo méjèèjìlá pa. Màmá ti ń dúpẹ́ kí òròmọdìẹ àkọ́kọ́ tó dìde. Bó ṣe dìde, ló bá ń pòyì. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Màmá da àgbàdo lílọ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ń yí i po, ẹnu wọn ò kàn án. Ebi fẹ́ pa ìran òpìpì tán lójú oúnjẹ.

Màmá wò wọ́n títí. Ó bu àgbàdo, ó wọ́n ọn yípo gẹ́gẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń pòyì ni wọ́n ń ṣa á jẹ.

Moróhunkẹ́ wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ wákàtí.

“Ṣé ó dí ẹ lọ́wọ́ ni?”

“Rárá, Màmá.”

“Ó tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?”

“Kò tọrọ, Màmá.”

Títí dòní, òpìpì ilé wa kì í jẹun láì kọ́kọ́ yípo. Àlejò tó bá sì béèrè ohun tó ṣe wọ́n, Moróhunkẹ́ fúnra rẹ̀ ni í dáhùn pé, “Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má wáṣẹ́ fún un.”