Abẹ Làmídì àti Irun Sàlámọ̀tù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì bi mí bóyá fóònù wà láyé àwọn àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ pa ìtàn tirẹ̀.

Làmídì ló ń bá gbogbo abúlé ṣáàjì fóònù. Ẹ̀yìnkùlé ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú yàrá òun àti Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ni fóònù àwọn ará abúlé ń sùn, torí yàrá yẹn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, irun iwájú orí Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Onídìrí sì ni obìnrin yìí! Ta ni yóò gbé orí fún onídìrí tí irun tirẹ̀ ń re?

"Bàbá Ràfíù," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "ìtànṣán àwọn fóònù yìí ló ń jẹ irun mi. Mo ti ránṣẹ́ pe màmá mi. Tí wọ́n bá dé, tí fóònù kan bá ṣì wà níyàrá, mo máa bá wọn lọ."

Làmídì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ yìí náà ló sì ń bọ́ wọn. Bóyá fóònù ń jẹ irun, bóyá kì í jẹ ẹ́, kò mọ̀. Àwọn tó kàwé gan-an ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ó sáré lọ bá Mùfú ọ̀rẹ́ rẹ̀, onígbàjámọ̀.

"Ìtànṣán ti sá pamọ́ sínú irun yẹn," ni Mùfú wí, bíi pé òun ló bí ìtànṣán. "Fá a kanlẹ̀, tuntun á hù. Ṣùgbọ́n má bi í léèrè o! Onídìrí wo ló máa gbà kí wọ́n fá òun lórí?" Ó yá a ní abẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Làmídì yọ́ wọ yàrá. Ó bá ẹnì kan lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ògiri, tó fi aṣọ Sàlámọ̀tù bora dé ọrùn, tó ń hanrun. Làmídì fi omi rin irun náà. Ó fá ìpàkọ́. Ẹni náà mí kanlẹ̀, Làmídì gbé abẹ kúrò. Ó fá ẹ̀gbẹ́ kan. Fóònù kan dún lójijì! Ó fò mọ́ ọn, ó pa á. Ẹni tó ń sùn kò mira. Ó fá àárín. "Irun yìí mà ṣì kún o," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó ku díẹ̀ níwájú nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí màmá mi o. Ìgbà tí ẹ jáde ni wọ́n dé, oògùn ikọ́ tí wọ́n mu ló jẹ́ kí oorun gbé wọn lọ."

Sàlámọ̀tù ló ń ti ọjà bọ̀, ata wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ìyá ìyàwó lajú. Ó fọwọ́ pa orí. Ó tún fọwọ́ pa á.

"Làmídì," ó ní jẹ́jẹ́, "kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Làmídì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ má bínú! Orí yín kọ́ ni mo ń fá, ti Sàlámọ̀tù ni!"

"Èmi tí mo wà lọ́jà?" ni Sàlámọ̀tù wí.

Ìyá ní òun ò lè gbé irú orí yìí padà sílé. Nínú yàrá yẹn lòun ó máa gbé pẹ̀lú ọmọ òun títí irun yóò fi hù. Làmídì kó tòun tàwọn fóònù rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà bá a. Wọ́n wo orí ìyá tó ń dán, wọ́n wo irun Sàlámọ̀tù, wọ́n mi orí, wọ́n ní: "Làmídì, ìwọ náà ti rí i. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."